Iná Ìjàpá tó ń ṣe ségesège: bí ẹ ṣe lè wá ibi tó ti bàjẹ́ fúnra yín

Nínú Ìjàpá, ìyẹn mọ́tò Volkswagen Beetle, iná iwájú kan kú, èkejì ń tàn baìbaì. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n lọ ra gílóòbù tuntun. Gílóòbù náà á tàn fún ọ̀sẹ̀ kan, á tún padà di baìbaì. Wọ́n á wá pe réwáyà. Réwáyà á gé wáyà méjì, á so òmíràn mọ́ ọn, á fi téèpù wé e, á gbowó rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí tráfíkétọ̀ náà á fi dákẹ́. Mi ò bú àwọn réwáyà o, àwọn tó mọṣẹ́ dunjú pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò tó ti lé lógójì ọdún, wáyà fúnra rẹ̀ kì í sábà bàjẹ́. Ibi tí irin ti ń fara kan irin ni wàhálà máa ń wà: ẹnu fíúsì, ìdí gílóòbù, àti ibi tí wọ́n ti de ẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà tí iná ń gbà ara bọ́dì padà sí bátìrì) mọ́ bọ́dì. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ibi mẹ́ta yìí wò yóò rí ìdí ọ̀rọ̀ kó tó ná kọ́bọ̀.

Volkswagen Beetle tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, pàápàá èyí tó ń lo bátìrì fóòtì 12, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó lọ́dún 1975. Àwọn tó ṣáájú 1967 sábà máa ń lo fóòtì 6. Bí ẹ ò bá mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ka ọmọrí tó wà lórí bátìrì: mẹ́ta ni ti fóòtì 6, mẹ́fà ni ti fóòtì 12. Bí bátìrì bá jẹ́ èyí tí wọ́n dé pa, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bákan náà la ṣe ń tọ́jú àwọn méjèèjì, àmọ́ fóòtì 6 nílò ámpù ìlọ́po méjì kó tó lè tan gílóòbù tí wáàtì rẹ̀ dọ́gba. Ìdọ̀tí díẹ̀ tí iná fóòtì 12 á fara dà, ó tó pa ti fóòtì 6. Ẹni tó ní Peugeot 504 lè máa bá wa bọ̀, kó ṣáà mọ̀ pé àwọ̀ wáyà tirẹ̀ yàtọ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà

Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì wà, lápá ọ̀tún. Ẹ gbé àga náà kúrò, ẹ tú orí nẹ́gẹ́tífù, ẹ fi aṣọ wé e kó má baà padà lọ kan bátìrì. Níwọ̀n ìgbà tí àga ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Súpíríìnì irin ló kún ibẹ̀. Bí ìdérí bátìrì ò bá sí mọ́, tí ẹni tó sanra sì jókòó lé àga, súpíríìnì á lọ kan orí pọ́sítífù, tìmùtìmù inú àga á sì gbiná. Ìjàpá ti jóná báyìí rí, ó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ wá rọ́bà pẹlẹbẹ tó nípọn, ẹ gé e kó bo orí bátìrì náà.

Iwájú ni tánkì epo wà, wáyà tó pọ̀ jù sì wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, kò jìnnà sí tánkì. Bí ẹ bá gbóòórùn pẹtiróòlù níbẹ̀, ẹ pa ọ̀rọ̀ iná tì ná, kí ẹ wá ibi tí epo ti ń jò. Láti ìsinsìnyí lọ, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dán nǹkan wò nìkan ni kí ẹ máa dá nẹ́gẹ́tífù padà. Bí ẹ bá fẹ́ yọ wáyà tàbí kí ẹ ha irin, ẹ tún tú u.

Irinṣẹ́ ò pọ̀: sukurudíráfà, sáńpépà tó kúnná, búrọ́ọ̀ṣì irin kékeré, básílíìnì díẹ̀, fíúsì tuntun, mítà tó ń ka fóòtì, èyí tí kò wọ́n, àti wáyà gbọọrọ bíi mítà márùn-ún tí ẹ fi kílíìpù sí lẹ́nu méjèèjì. Ìjàpá fi díẹ̀ gùn ju mítà mẹ́rin lọ, bátìrì wà lẹ́yìn, iná wà níwájú, ìdí nìyẹn tí wáyà náà fi gbọ́dọ̀ gùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe tẹ́sítà fúnra yín: gílóòbù búrékì wáàtì 21 nínú hódà rẹ̀, wáyà méjì lára rẹ̀, kílíìpù lẹ́nu ọ̀kan, abẹ́rẹ́ tàbí ìṣó tínrín lẹ́nu èkejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní mítà lè máa wò ó pé kí la tún fẹ́ fi tẹ́sítà ṣe. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ká ní ìpẹtà ti bo ẹnu wáyà kan. Ámpù tí mítà ń fà kò tó nǹkan, nítorí náà á ka 12.4 lórí wáyà yẹn láìsí ìjà, ẹ ó sì gbà pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ wá fi gílóòbù wáàtì 21 kàn án. Gílóòbù yìí fẹ́ fa bí ámpù 1.75, ìpẹtà kò sì lè jẹ́ kí ìyẹn kọjá, ni á bá tàn baìbaì tàbí kó má tàn rárá. Tẹ́sítà á sọ fún yín bóyá iná tó ń dé ibẹ̀ lágbára iṣẹ́. Mítà á wá sọ iye tó ń sọnù lójú ọ̀nà nígbà tí iná bá ń tàn. Ẹ nílò àwọn méjèèjì.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ pe ẹnì kan kó jókòó sídìí sìtíárì. Kó tan iná kékeré, kó tan dímù (iná iwájú tó ń wolẹ̀), kó tan fúúlù (èyí tó ń wo ọ̀ọ́kán), kó tẹ búrékì, kó yí tráfíkétọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀yin ẹ yí mọ́tò ká, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, èyí tó tàn, èyí tí kò tàn, èyí tó ń tàn nígbà tí kò yẹ kó tàn. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà ní títàn, torí iná búrékì àti tráfíkétọ̀ kì í ṣiṣẹ́ láìsí i, bẹ́ẹ̀ náà ni iná iwájú ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó dé kẹ́yìn.

Ohun tí ẹ kọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ibi tí àìsàn wà tán. Bí iná iwájú ẹyọ kan ni kò tàn, ẹ má lọ tú súwíìṣì, torí iná méjèèjì ni súwíìṣì ń bójú tó. Ìdí gílóòbù ẹ̀gbẹ́ yẹn, fíúsì rẹ̀ tàbí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni kí ẹ lọ. Nínú Ìjàpá, dímù òsì ní fíúsì tirẹ̀, dímù ọ̀tún ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni fúúlù. Nítorí náà, bí dímù méjèèjì bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣòro kó jẹ́ fíúsì. Rílè dímù (àpótí kékeré tó ń darí iná sí dímù tàbí fúúlù) tàbí súwíìṣì ni kí ẹ kọjú sí. Bí gbogbo iná mọ́tò bá jọ ń ṣe baìbaì, bátìrì àti ẹ́ẹ̀tì ńlá ni.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni èyí táwọn ènìyàn máa ń pè ní iṣẹ́ ayé: ẹ tẹ búrékì, tráfíkétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ẹ yí tráfíkétọ̀, iná ẹ̀yìn ń bá a ṣẹ́jú. Ẹ́ẹ̀tì hódà yẹn ló ti já. Iná tó yẹ kó gba ara bọ́dì padà sí bátìrì kò rọ́nà, ló bá ń gba inú gílóòbù kejì wá ọ̀nà lọ sí ẹ́ẹ̀tì ibòmíràn. Bí ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ẹ má yẹ nǹkan mìíràn wò, ẹ́ẹ̀tì iná yẹn ni kí ẹ lọ tún ṣe tààrà.

Nọ́ńbà àti àwọ̀ wáyà

Àwọn ará Jámánì ṣe wá lóore kan. Wọ́n tẹ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wáyà ti wọlé, sára súwíìṣì, rílè àti fíláṣà (ohun tó ń mú tráfíkétọ̀ ṣẹ́jú). Nọ́ńbà kan náà ni Volkswagen, Mercedes àti Opel ń lò, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lára Ìjàpá ti mọ̀ ọ́n lára gbogbo wọn. 30 ni iná tó ń bọ̀ tààrà láti bátìrì, tí kì í kú. 15 ni èyí tí kọ́kọ́rọ́ ń tàn. 31 ni ẹ́ẹ̀tì. 56 ni iná tó jáde láti súwíìṣì lọ sí rílè dímù. Nígbà tó bá jáde níbẹ̀, 56a ni fúúlù, 56b ni dímù. 58 ni iná kékeré àti iná ẹ̀yìn. 54 ni búrékì. 49 ni iná tó wọ fíláṣà, 49a ni èyí tó jáde tó ń ṣẹ́jú.

Àwọ̀ náà ń bá nọ́ńbà lọ. Pupa ni 30, dúdú ni 15, búráùn ni ẹ́ẹ̀tì. Yẹ́lò ni dímù, funfun ni fúúlù. Aláwọ̀ eérú ni iná ẹ̀yìn: eérú tó ní ìlà dúdú fún òsì, eérú tó ní ìlà pupa fún ọ̀tún. Dúdú tó ní ìlà pupa ni búrékì. Dúdú pẹ̀lú funfun ni tráfíkétọ̀ òsì, dúdú pẹ̀lú gírìnì ni ti ọ̀tún. Bí mọ́tò yín bá ti kọjá lọ́wọ́ ẹni púpọ̀, ẹ ó bá wáyà pupa níbi tó yẹ kí búráùn wà. Kí ẹ fi tẹ́sítà jẹ́rìí kí ẹ tó gba àwọ̀ gbọ́.

Bátìrì àti ẹ́ẹ̀tì ńlá

Bátìrì tó sinmi di òwúrọ̀ yẹ kó ka bíi 12.6. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí ẹ tẹ epo díẹ̀, kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bí kò bá kúrò ní 12, jẹnẹrétọ̀ mọ́tò, èyí tó ń fi iná sínú bátìrì, kò ṣe ojúṣe rẹ̀, a ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ iná rárá. Àwọn tó ń lo dáínámò, ìyẹn irú jẹnẹrétọ̀ àtijọ́, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí iná bá wálẹ̀ nígbà tí ẹ dúró nínú gòsìlóò, bí dáínámò ṣe ń ṣe nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì ò bá sáré.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tú ibi tí okùn nẹ́gẹ́tífù ti wọ bọ́dì lábẹ́ àga, ẹ fi sáńpépà ha á títí irin á fi dán, ẹ dè é padà kó le. Ẹ wọ abẹ́ mọ́tò: okùn pẹlẹbẹ kan tí wọ́n hun so imú gíábọ́ọ̀sì mọ́ bọ́dì. Bí ó bá ti já tàbí tó ti jẹrà, sítátà á máa fà tìkọ̀tìkọ̀, iná á sì máa ṣe ségesège bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ilé fíúsì

Fíúsì Ìjàpá kì í ṣe irú ti mọ́tò òde òní. Gbọọrọ ni, orí rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣónṣó, ahọ́n irin méjì ló há a mọ́ àárín. Funfun ni ámpù 8, pupa ni ámpù 16. Bí ọdún ṣe ń lọ, ahọ́n yẹn á dẹ̀, ìpẹtà á sì bo ṣónṣó fíúsì. Fíúsì ò tíì jó, síbẹ̀ iná ò kọjá.

Ẹ tan iná tí ẹ ń wá. Ẹ fi kílíìpù tẹ́sítà kọ́ irin bọ́dì tó mọ́, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ kan ahọ́n fíúsì kan, lẹ́yìn náà ahọ́n kejì. Bí tẹ́sítà bá tàn ketekete ní méjèèjì, fíúsì ò jẹ̀bi, ẹ máa lọ sí ìdí gílóòbù. Bí ó bá tàn ní apá kan tí kò tàn ní èkejì, ẹ fi ìka yí fíúsì náà sọ́tùn-ún sósì níbi tó wà. Bí iná bá dé lójijì, ìdọ̀tí ni. Bí kò bá dé, fíúsì ti jó. Bí kò bá sì tàn níbì kankan, iná ò tíì dé ibẹ̀, súwíìṣì tàbí rílè ló ń dúró dè yín.

Yálà ẹ rí àìsàn níbẹ̀ tàbí ẹ ò rí i, ẹ tú nẹ́gẹ́tífù, ẹ yọ gbogbo fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sáńpépà nu ahọ́n wọn, ẹ fi púláyà tẹ ahọ́n náà wọlé díẹ̀ kó lè há fíúsì mọ́ra. Fíúsì tuntun kò wọ́n, ẹ kúkú pààrọ̀ gbogbo wọn. Bí ẹ bá bá bébà fàdákà inú páálí sìgá lára fíúsì, tàbí wáyà tí wọ́n fi so ó, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Fíúsì ni ó yẹ kó kọ́kọ́ jó bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ohun tí kò lè jó, wáyà ló máa jó, tánkì epo sì ń bẹ nítòsí.

Iná iwájú

Ẹ tú súkúrù tó wà nísàlẹ̀ òrùka iná, ẹ fa iná náà jáde. Lẹ́yìn gílóòbù ni púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta wà: yẹ́lò, funfun, búráùn. Kí ẹnì kan tan dímù, kí ẹ̀yin máa ṣe báyìí:

1. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Kílíìpù tẹ́sítà sí ẹnu búráùn, abẹ́rẹ́ sí ẹnu yẹ́lò. Bí tẹ́sítà bá tàn ketekete, gbogbo ọ̀nà ló dára, gílóòbù ló kú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ó parí.
2. Bí kò bá tàn, ẹ gbé kílíìpù kúrò lára búráùn, kí ẹ fi kọ́ irin bọ́dì tó mọ́, kí abẹ́rẹ́ ṣì wà lára yẹ́lò. Bí ó bá wá tàn, ẹ́ẹ̀tì ló já. Ẹ tọ wáyà búráùn dé ibi tí wọ́n ti dè é.
3. Bí kò bá tàn síbẹ̀, iná ò dé púlọ́ọ̀gì. Ẹ padà sí fíúsì ẹ̀gbẹ́ yẹn. Bí iná bá wà níbẹ̀, wáyà yẹ́lò ló gé sáàárín, ó sì lè jẹ́ ibi tó ti gba inú fẹ́ńdà kọjá, tí rọ́bà rẹ̀ ti jẹ.
4. Ẹ tan fúúlù, kí ẹ ṣe ohun kan náà fún funfun.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì yìí ń fẹ́ àlàyé, nítorí òun ni ó ń bá Ìjàpá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kùn jà jù. Bóòtù ni wọ́n fi de fẹ́ńdà mọ́ bọ́dì, rọ́bà sì wà láàárín wọn. Páńẹ́ẹ̀bítà á tú fẹ́ńdà, pẹ́ńtà á kùn ún tinú tẹ̀yìn, wọ́n á sì dè é padà. Mọ́tò ń dán, gbogbo ènìyàn ń kí yín kú oríire, àmọ́ ọ̀dà ti wà láàárín irin àti irin, iná kò rọ́nà gbà. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an lẹ ó rí i pé iná ẹ̀yìn kú. Ẹni tó kùn ún á ní òun ò fọwọ́ kan wáyà, òótọ́ ló sì ń sọ. Ẹ ha ọ̀dà kúrò lábẹ́ orí bóòtù kan, kí irin fúnra rẹ̀ yọ, kí ẹ fi wáṣà eléyín sí i, kí ẹ dè é le, kí ẹ fi básílíìnì bò ó kí òjò má baà rí i. Èyí tó tún dára jù ni pé kí ẹ fa wáyà búráùn tuntun láti hódà lọ sí bọ́dì fúnra rẹ̀, kí ẹ má gbára lé fẹ́ńdà mọ́.

Bí dímù tàbí fúúlù méjèèjì bá jọ kú, rílè dímù ló kù. Ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà. Ẹ tan iná iwájú, ẹ fa ọ̀pá tráfíkétọ̀ sọ́dọ̀ yín, ó yẹ kí ẹ gbọ́ «tá». Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ẹ fi wáyà kékeré so ẹnu S lára rílè mọ́ bọ́dì fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá dún, rílè sàn, ojú súwíìṣì inú sìtíárì ló dọ̀tí. Bí ó bá ń dún ṣùgbọ́n tí iná ò tàn, ẹ wo 56 pẹ̀lú tẹ́sítà. Níbi tí 56 bá ti tàn, ẹ fi wáyà so ó mọ́ 56b. Bí dímù méjèèjì bá tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lọ ra rílè. Bí 56 kò bá tàn rárá, súwíìṣì tí ẹ ń fà ni, pàápàá bí ó bá ń gbóná lọ́wọ́ tàbí tó ń rùn bíi pé ike ń jó.

Iná tó ń tàn ṣùgbọ́n tí kò mọ́lẹ̀ ni èyí tí mítà ti máa ṣiṣẹ́. Ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà, ẹ tan dímù. Ẹ fi wáyà gbọọrọ yẹn so orí nẹ́gẹ́tífù bátìrì mọ́ ẹnu kan mítà, kí ẹnu kejì kan búráùn lẹ́yìn gílóòbù. Ohun tó bá ju 0.2 lọ, ẹ́ẹ̀tì yín kò mọ́. Ẹ gbé wáyà náà lọ sí orí pọ́sítífù, kí ẹnu kejì kan yẹ́lò. Bí ó bá ju 0.5 lọ, fóòtì ń sọnù nínú fíúsì, súwíìṣì tàbí rílè. Ẹ máa gbé ẹnu mítà padà sẹ́yìn, láti púlọ́ọ̀gì sí fíúsì, láti fíúsì sí rílè, láti rílè sí súwíìṣì. Ibi tí nọ́ńbà bá ti já wálẹ̀ lójijì, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ibi tí ìdọ̀tí wà ni. Ẹ má fojú kéré ìdajì fóòtì o. Gílóòbù tó rí ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fóòtì tó yẹ kó rí, ìdá bí àádọ́rin péré nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló máa mú wá.

Àwọn kan máa ń sá fún gbogbo iṣẹ́ yìí, wọ́n á lọ Ládípọ̀ tàbí Àrárọ̀mí ní Gate, Ìbàdàn, wọ́n á ra gílóòbù wáàtì 100. Gílóòbù Ìjàpá tó ti pẹ́ jẹ́ wáàtì 45 fún fúúlù, 40 fún dímù. Gílóòbù H4 tó dé lẹ́yìn jẹ́ 60 àti 55. Wáàtì 100 méjì ń fa ámpù tó lé ní 16 gba inú súwíìṣì àtijọ́ tí wọn ò ṣe fún un. Púlọ́ọ̀gì á yọ́, súwíìṣì á jó, iná náà ò sì ní mọ́lẹ̀ tó bí wọ́n ṣe rò, torí ìpẹtà ṣì wà níbi tó wà. Bí ẹ bá fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ lóòótọ́, ẹ fi rílè sí i: ọ̀kan fún dímù, ọ̀kan fún fúúlù, kí iná wọn wá tààrà pẹ̀lú wáyà 2.5 mm² àti fíúsì tirẹ̀, kí súwíìṣì àtijọ́ kàn máa pàṣẹ fún wọn.

Iná ẹ̀yìn àti búrékì

Ẹ tú gíláàsì iná ẹ̀yìn. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, tí hódà sì ti hu gírìnì, ẹ ti rí i nìyẹn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ rọ́bà gíláàsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjò tó ń bọ̀ á dá gbogbo rẹ̀ padà. Gílóòbù búrékì jẹ́ wáàtì 21 (fún búrékì) àti 5 (fún iná ẹ̀yìn) nínú ẹyọ kan, étí rẹ̀ méjèèjì kò sì dọ́gba lára, ọ̀kan ga ju èkejì. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má baà fi sí i sódì. Síbẹ̀ ẹ ó bá èyí tí ẹnì kan ti fi tipátipá kì bọ̀ ọ́. Iná ẹ̀yìn á máa tàn bí búrékì ní gbogbo òru, bí ẹ bá sì tẹ búrékì, kò ní hàn.

Bí iná búrékì méjèèjì bá kú, ẹ wo súwíìṣì rẹ̀ kí ẹ tó wo gílóòbù. Ara másítà búrékì ló wà, níwájú, agbára omi búrékì ló ń tì í. Ẹ yọ wáyà méjì orí rẹ̀, ẹ so wọ́n pọ̀ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní títàn. Bí iná bá tàn lẹ́yìn, súwíìṣì ti kú. Àwọn Ìjàpá tó dé lẹ́yìn 1967 lè ní súwíìṣì méjì, àwọn kan nínú wọn sì ní ẹnu mẹ́ta, torí náà ẹ má ṣe méfò: wáyà dúdú tó ní ìlà pupa gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ so pọ̀. Bí ẹ bá tú súwíìṣì, omi búrékì á jò, kò sì yẹ kó kan ọ̀dà mọ́tò. Ẹ yí súwíìṣì tuntun wọlé kíákíá, kí ẹ sì tú afẹ́fẹ́ kúrò nínú búrékì kí ẹ tó wà á jáde.

Tráfíkétọ̀

Bí ó bá ń ṣẹ́jú kíákíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gílóòbù kan ti kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, tàbí ẹnì kan ti fi LED (gílóòbù ìgbàlódé tí kì í fa iná púpọ̀) sí i tí fíláṣà àtijọ́ kò mọ̀. Bí ó bá tàn tó dúró gbọin láìṣẹ́jú, fíláṣà ti rẹ̀, tàbí fóòtì ò tó o. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá kú ṣùgbọ́n tí hásáàdì ń ṣiṣẹ́, ẹ má ra nǹkan kan ná. Inú súwíìṣì hásáàdì ni iná tráfíkétọ̀ ń gbà kọjá kó tó dé fíláṣà. Súwíìṣì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn fún ọdún mélòó kan á ti pẹtà nínú. Ẹ fà á, ẹ tì í, léraléra, bí ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ tún wò ó. Ọ̀pọ̀ tráfíkétọ̀ ló jí báyìí.

Bí fíúsì bá ń jó lójoojúmọ́

Ẹ má máa fi fíúsì tuntun jóná. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi tẹ́sítà wáàtì 21 rọ́pò rẹ̀, ẹnu kan sí ahọ́n kan, ẹnu kejì sí ahọ́n kejì. Bí wáyà kan bá ń kan bọ́dì níbì kan, tẹ́sítà á tàn ketekete, fíúsì kankan ò sì ní jó mọ́. Ẹ wá máa yọ gílóòbù ibi tí fíúsì yẹn ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa mi wáyà. Níbi tí tẹ́sítà bá ti wálẹ̀ tàbí tó kú lójijì, ẹ ti dé ibẹ̀. Wáyà iná nọ́ńbà mọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí inú ọmọrí ẹ́ńjìnnì ló gbà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ọmọrí náà ló ń ká, ló ń nà. Èkejì ni wáyà iná iwájú níbi tó ti wọ fẹ́ńdà.

Nígbà tí ẹ bá ń tún wáyà ṣe, ẹ má kàn lọ́ ọ pọ̀ kí ẹ fi téèpù wé e. Oòrùn á yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù, omi á wọlé, bàbà á di gírìnì. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn òjé tí wọ́n ń yọ́ sórí wáyà, jó o pọ̀, kí ẹ sì ti ki ọ̀pá rọ́bà tínrín bọ wáyà kí ẹ tó jó o. Ẹ wá àwọ̀ tó bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ẹni tó máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú lè jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín.

Kí ẹ tó sọ pé ó tán

Ẹ dá nẹ́gẹ́tífù padà, ẹ rí i pé rọ́bà bo bátìrì, ẹ gbé àga sípò. Lálẹ́, ẹ dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mítà mẹ́wàá sí ògiri. Ẹ wọn bí àárín gíláàsì iná ṣe ga tó láti ilẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì gíga yẹn sára ògiri. Bí ẹ bá tan dímù, orí ìmọ́lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sísàlẹ̀ àmì yẹn. Súkúrù méjì tó wà lára òrùka iná ni ẹ ó fi tò ó, ọ̀kan ń gbé e lọ sókè sódò, ọ̀kan sọ́tùn-ún sósì. Bí òrùka bá ti pẹtà tí súkúrù ò yí, ẹ fi epo díẹ̀ sí i di ọjọ́ kejì, ẹ má fi agbára já a.